Ilé Là Ń Wò Ká Tó Sọ Fáìlì Lórúkọ

Ìlọrin ni mo wà, níbi ìsìnkú, nígbà tí ìyàwó mi pè mí láti ilé wa ní Bárúwà, ní Èkó. Sọ̀féyọ̀ tí àdúgbò pè láti wá tún ààlà ilẹ̀ yẹ̀ wò ti dé ẹnu géètì, ó ní kí wọ́n mú ìwé sọ̀fé wá. "Dádì wọn, ibo lẹ tọ́jú ẹ̀ sí nínú kọ̀ǹpútà yìí?" Mo dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé inú Documents ló wà. Ó ṣí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó rí sí mi létí: Scan0003, Scan0007, Scan0007 (1), Document1, NEW, NEW NEW. Èyí tó bá dárúkọ, màá ní, "Ṣí ìyẹn wò." Ọ̀kan jẹ́ rìsíìtì ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀kan jẹ́ èsì ìdánwò ọmọ wa nígbà tó wà ní praímárì kẹrin. Òmíràn jẹ́ lẹ́tà tí ẹnì kan ní kí n bá òun tẹ̀ ní 2016, tí n kò mọ ohun tó ń ṣe nínú kọ̀ǹpútà wa mọ́. Ìnfátà ti ń ké. Kí a tó rí sọ̀fé náà, ọkùnrin yẹn ti kọjá sí ilé kẹta, iná bátìrì sì ti tán.

Ìwé náà kò sọnù. Èmi fúnra mi ni mo síkáànì rẹ̀, ká ní mo wà nídìí ẹ̀rọ ni, màá fọwọ́ tọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni pé orí mi ni ètò wà, kò sí nínú kọ̀ǹpútà; orí mi sì wà ní Ìlọrin. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ẹni tó ń to fáìlì sílé kò tò ó fún ara rẹ̀. Ẹni tí yóò wá a nígbà tí òun kò sí nítòsí ló ń tò ó fún: ìyàwó, ọmọ, àbúrò, tàbí òun náà ní ọdún mẹ́wàá sí i, nígbà tí yóò ti gbàgbé. Orúkọ tí ẹni yẹn yóò fi pè é ló yẹ kí fáìlì náà máa jẹ́.

Ní agbègbè wa, láti Bárúwà dé Ìpájà, orí ìwé ni ilé dúró lé bó ṣe dúró lé búlọ́ọ̀kù. Rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ wà níbẹ̀, àti ìwé àdéhùn, àti sọ̀fé, àti owó orí ilé tí ìjọba Èkó ń pè ní Land Use Charge láti ìgbà òfin 2001. Ẹ ka ìwé iná mọ́ ọn, NIN, BVN tí àwọn báńkì bẹ̀rẹ̀ ní 2014, WAEC àwọn ọmọ, káàdì ilé ìwòsàn. Àpótí onírin abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni àwọn bàbá wa ń kó irú wọn sí, gbogbo ilé ló sì mọ àpótí náà. Bí ohunkóhun bá ṣe bàbá, ibẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ lọ. Ní tiwa, a kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, a wá dà á sílẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni da aṣọ ìdọ̀tí.

Ibi tí mo ti kọ́ bí a ṣe ń pín in jìnnà sí kọ̀ǹpútà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Kenneth Dike, òpìtàn ní University College, Ìbàdàn, ń lọ láti ọ́fíìsì ìjọba kan sí òmíràn, ó ń wo ipò tí àwọn ìwé àtijọ́ wà. Iṣẹ́ yẹn ló bí ilé ìkówèésí ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1954, tí òfin 1957 fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, tí a ń pè ní National Archives lónìí, tí ẹ̀ka ti Ìbàdàn sì wà nínú ọgbà yunifásítì níbẹ̀. Ẹni tó bá wọlé lọ wá ìwé níbẹ̀ yóò rí i pé ọ́fíìsì tí ìwé ti wá ni wọ́n fi ń tò ó, kí wọ́n tó wo ohun tó ń sọ. Oyo Prof ni ìwé ẹkùn Ọ̀yọ́ ayé àwọn òyìnbó, Ije Prof ni ti Ìjẹ̀bú, Abe Prof ni ti Abẹ́òkúta. Ìdí rẹ̀ ṣe kedere: ìwé kan lè sọ nípa owó orí, kó tún sọ nípa oyè, kó tún sọ nípa ọ̀nà, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì kan ṣoṣo ló ti jáde. Bí o bá béèrè "Kí ni èyí ń sọ?", ìdáhùn lè tó márùn-ún. Bí o bá béèrè "Ta ló ni ín?", ọ̀kan ni.

Nítorí náà, fódà ńlá kan ṣoṣo ni mo dá sílẹ̀, AGBOOLE, kò sì sí ìwé ilé kankan tó gbọ́dọ̀ wà níta rẹ̀. Inú rẹ̀ ni fódà ẹnì kọ̀ọ̀kan wà: Baba, Iya, Akobi, Ibeji. Lẹ́yìn wọn ni èyí tó jẹ́ ti gbogbo wa: Dukia, Owo, Omi, Aworan. Ìwé ẹ̀rí ìbí àkọ́bí wà nínú fódà Akobi, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ àti èsì WAEC rẹ̀. Nígbà tó ń lọ sí yunifásítì, fódà yẹn ló kó sínú fíláàṣì, ó parí. Ká ní mo ti dá fódà "Iwe Eri" sílẹ̀, kí n da ti gbogbo ilé pọ̀ síbẹ̀, à bá máa ṣà á lẹ́yọ ẹyọ títí di òru.

Ìwé kan máa ń wà tó jẹ́ ti ibi méjì. Rìsíìtì owó ilé ìwé, ṣé ti ọmọ ni àbí ti Owo? Ti ọmọ ni mo fi í sí, nítorí ilé ìwé ni yóò béèrè rẹ̀, orúkọ ọmọ ni wọn yóò sì fi béèrè. Ibi tí ìbéèrè yóò ti wá ni mo máa ń wò. Ohun tí n kò jẹ́ ṣe ni kí n dà á kọ síbi méjèèjì: bó pẹ́ bó yá, a ó tún ọ̀kan ṣe, a ó gbàgbé èkejì, a ò sì ní mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni n kì í jẹ́ kí fódà wọnú fódà ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Yàrá inú yàrá inú yàrá máa ń rẹ ẹni tó ń wá nǹkan. Windows náà sì ní ìwọ̀n tirẹ̀: láti ìgbà pípẹ́ ni ọ̀pọ̀ ètò inú rẹ̀ kì í ti í gba ojú ọ̀nà tó bá gùn ju lẹ́tà 260 lọ, orúkọ gbogbo fódà àti ti fáìlì ni wọ́n sì ń kà pọ̀. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ dà á kọ sórí háàdì díìsìkì ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ọ pé kò ní lọ.

Fódà rọrùn. Orúkọ fáìlì ló ṣòro, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa sì ti ń sáré kọjá. Bẹ́ẹ̀, Yorùbá kì í sọ ọmọ lórúkọ lásán. Bí mo bá gbọ́ Abíọ́nà, mo mọ ibi tí wọ́n ti bí i. Abíọ́dún, mo mọ àsìkò. Ìdòwú, mo mọ̀ pé ìbejì ló ṣíwájú rẹ̀, Àlàbá sì mọ̀ pé Ìdòwú ni ẹ̀gbọ́n òun. Babátúndé, mo mọ ẹni tó ti kú nínú ilé náà kí ó tó dé. N kò tíì rí ojú ọmọ, orúkọ ti sọ ìgbà, ibi àti ipò rẹ̀ fún mi. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ orúkọ fáìlì kò ju ìyẹn lọ. Sọ̀fé tó dójú tì mí níjọ́sí wá ń jẹ́ báyìí:

2009-11-17_sofe_baruwa.pdf

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ọdún ló ṣíwájú, oṣù tẹ̀ lé e, ọjọ́ ló gbẹ̀yìn. A kì í kọ ọ́ báyìí lójoojúmọ́, ọjọ́ la máa ń kọ́kọ́ kọ. Ṣùgbọ́n òsì ni kọ̀ǹpútà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í tò. Bí ọjọ́ bá ṣíwájú, gbogbo ọjọ́ kẹtàdínlógún inú oṣù gbogbo, ti ọdún gbogbo, ni yóò dúró pọ̀, tí 2009 yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 2023. Bí ọdún bá ṣíwájú, ìwé yóò tò bí wọ́n ṣe ṣẹlẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Oṣù kẹta ní láti jẹ́ 03, kì í ṣe 3, kó má baà di pé ẹ̀rọ kan yóò gbé 10 ṣíwájú rẹ̀. Ètò yìí kì í ṣe àdábọwọ́ mi, àjọ ISO tó ń ṣètò òṣùwọ̀n fún gbogbo ayé ti fọwọ́ sí i láti 1988. Ìlà kékeré ni mo fi pín in, n kò lo ìlà wíwọ́ tí a máa ń lò nínú ìwé, nítorí Windows kò gbà á nínú orúkọ: / àti \ àti : àti * àti ? àti " àti < àti > àti |, gbogbo wọn ni èèwọ̀ níbẹ̀.

Déètì tó wà lára ìwé ni mo ń kọ, kì í ṣe ti ọjọ́ tí mo síkáànì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣi èyí ṣe. Sọ̀fé tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2009, bí mo bá síkáànì rẹ̀ ní 2021, 2009 ni ẹni tó ń wá a mọ̀ ọ́n sí. Lẹ́yìn déètì ni ohun tó jẹ́, lẹ́yìn ìyẹn ibi tàbí ẹni tó kàn. Bó bá jẹ́ ìwé tí a ṣì ń kọ, tí a ń tún ṣe, mo máa ń fi eda1, eda2, eda3 sí ìdí rẹ̀. "NEW" kò sí nílé wa mọ́. Kí ni yóò ṣẹ́ kù tí a ó máa pe NEW lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan?

Ẹ ó ti rí i pé n kò fi àmì sórí orúkọ fáìlì. Ó dùn mí láti gbà bẹ́ẹ̀, nítorí mo jẹ́ ẹni tí kì í fi àmì ṣeré nínú ìwé. Ìdí rẹ̀ nìyí. Ẹ tí ó ní àmì nísàlẹ̀, ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú rẹ̀: gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo, tàbí gẹ́gẹ́ bí "e" tí a lẹ àmì mọ́ nídìí. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú Windows, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, débi pé fáìlì méjì tí orúkọ wọn dà bí ìbejì lè jókòó nínú fódà kan láìsí ìjà. O tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù lọ́nà kan, o wá a lórí kọ̀ǹpútà lọ́nà kejì, ó ṣeé ṣe kó ní kò sí níbẹ̀. Ju ìyẹn lọ, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ kì í tẹ àmì bí wọ́n bá ń wá nǹkan, àwọn ni mo sì ń tò ó fún.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yọ àmì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Mo kọ́kọ́ ní fódà tí mo pè ní Ile. Èmi mọ̀ pé ilẹ̀ ni. Ìyàwó mi rò pé ilé ni, ó ń kó ìwé iná àti rìsíìtì ẹni tó tún pọ́ńbù ṣe síbẹ̀. Àwa méjèèjì la jàre. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ebi: ṣé ẹbí ni, ṣé ebi tó ń pa ènìyàn ni, àbí ẹ̀bi? Ìdí tí mo fi yan Dukia àti Agboole nìyẹn. Kò sí bí a ṣe lè ka àwọn wọ̀nyí sí nǹkan mìíràn. Nínú ìwé fúnra rẹ̀, kí àmì pé pérépéré.

Fódà tí mo pè ní Omi nílò àlàyé fún ẹni tí kò gbé Bárúwà. Láti nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1990 ni bẹntiróò ti jò láti inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ wọ inú omi tí àwọn kànga wa ń fà. Àwọn kànga wà tí òórùn epo ń jáde nínú wọn. Omi tí a ń rà la ń mu, a sì ń kọ lẹ́tà. Ọdún ń gorí ọdún, àwọn àgbà tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ ti ń kú, àwọn mìíràn ti kó lọ. Nínú ọ̀rọ̀ báyìí, ẹni tó ní ìwé tó ní déètì ló ní ẹnu. Nínú fódà yẹn ni èsì àyẹ̀wò omi wà, ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ gbà, rìsíìtì tánkà omi láti oṣù dé oṣù, àti fọ́tò kànga.

Fọ́tò yẹn ló kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ kan. Mo ní kí aládùúgbò kan fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ó fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ó dé pẹ̀lú orúkọ bí IMG-20230415-WA0003. Ẹ wò ó, WhatsApp pàápàá mọ̀ pé ọdún ló yẹ kó ṣíwájú. Ṣùgbọ́n déètì yẹn kì í ṣe ti ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò. Ó ti yà á ní ọdún mẹ́rin ṣáájú. Kámẹ́rà fóònù máa ń fi ọjọ́ àti wákàtí pamọ́ sínú fọ́tò fúnra rẹ̀, WhatsApp sì máa ń yọ ọ́ kúrò nígbà tó bá fún fọ́tò náà pọ̀ kó lè fúyẹ́. Nítorí náà, fọ́tò tí a bá fẹ́ fi jẹ́rìí, ẹ fi wáyà fà á láti inú fóònù tó yà á, tàbí kí ẹ fi í ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì. Ti ọjọ́ ìbí àti ìkómọjáde, ẹ jẹ́ kó gba ibi tó bá wù ú wá.

Downloads ni àkìtàn. Kò sí ẹni tí tirẹ̀ mọ́, n kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ń da gbogbo nǹkan sí láìbéèrè. Ẹni tó bá dàgbà ní Èkó yóò rántí Sátidé ìgbẹ̀yìn oṣù, láti aago 7 sí aago 10 àárọ̀, tí mọ́tò kì í rìn, tí oníkálukú ń gbá gọ́tà. Ìjọba ológun ló fi í mọ́ ogun tó ń gbé ti ìwà àìtọ́, WAI, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1984. Ní oṣù Kọkànlá 2016 ni Èkó mú òfin kónílé-ó-gbélé náà kúrò. Èmi kò fi Sátidé yẹn sílẹ̀, kọ̀ǹpútà ni mo ń gbá. Màá tò Downloads gẹ́gẹ́ bí déètì, màá fún èyí tó jẹ́ ti ilé lórúkọ, màá gbé e lọ sí fódà rẹ̀, màá pa ìyókù rẹ́. Ọmọ mi obìnrin ni wolé-wolé: òun ló ń wò bóyá ohun kan ṣẹ́ kù sójú kọ̀ǹpútà. Kì í tó wákàtí kan, bí a kò bá fo oṣù kankan. Bí a bá fo mẹ́ta, ọ̀sán ti lọ.

Ẹ má gbàgbé kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń síkáànì ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà etí ọ̀nà, àwọn tó ń tẹ̀wé jáde. Ẹ̀dà NIN yín ń kù sórí ẹ̀rọ tiwọn, lójú gbogbo ẹni tó bá tún jókòó síbẹ̀. Mo máa ń dúró títí ọmọ ṣọ́ọ̀bù yóò fi pa á rẹ́ lójú mi, tí yóò sì dà á nù nínú Recycle Bin pẹ̀lú. Wọ́n lè fojú burúkú wò ọ́. Orílẹ̀-èdè yìí ti ní òfin ìdáàbòbò dátà láti 2023, ẹ̀tọ́ ẹni ni.

Gbogbo ètò yìí, ìṣẹ́jú kan péré ni iná tó bá wọlé gbòòrò lè fi sọ ọ́ di asán, tàbí olè, tàbí òjò tó gba òrùlé wọlé. Peter Krogh, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, ló mú kí ìlànà kan gbajúmọ̀: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun èlò méjì, kí ọ̀kan wà níta ilé. Tiwa wà lórí kọ̀ǹpútà, ó wà lórí háàdì díìsìkì, fódà Dukia àti ti àwọn ọmọ sì wà lórí Google Drive, tó ń fúnni ní 15GB lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé gba ibẹ̀ dáadáa, fọ́tò ni yóò kún un. N kì í fi háàdì díìsìkì sílẹ̀ lára kọ̀ǹpútà. Ní oṣù Karùn-ún 2017, kòkòrò WannaCry ti fáìlì àwọn ènìyàn pa ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 150, irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ sì lè gba ara wáyà dé orí díìsìkì tó bá wà níbẹ̀. Bí ẹ bá sì ra fíláàṣì tí wọ́n kọ 1TB sí lára ní owó tí kò tó nǹkan, ẹ kó fáìlì kún un, kí ẹ sì ṣí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Àwọn kan wà tó ń ṣe bí ẹni gbà á, tí wọn kò sì tọ́jú nǹkan kan.

Páásíwọ̀dù kọ̀ǹpútà àti ti Google wà nínú ìwé kékeré kan tí ìyàwó mi mọ ibi tó wà. Háàdì díìsìkì kejì wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Abẹ́òkúta, nínú dúrọ́ọ̀ tó ń kó aṣọ òkè rẹ̀ sí. Bí a bá ń lọ kí i ní Kérésì, mo máa ń mú tuntun dání, mo sì ń gba ti èṣí padà. Lọ́dún tó kọjá, ó bi mí pé kí ló wà nínú rẹ̀ gan-an. Mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ọmọ rẹ̀, mo ní kí ó wá sọ̀fé wa fún mi. Ó tẹ "sofe", ó rí i.